Tínà tó gbẹ lójú yín yẹn, níbo ló lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kun mọ́tò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe bàtà, ọ̀rọ̀ yín rèé o!

Tí èèyàn bá ń wá ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kun mọ́tò ládùúgbò tí kò dé rí, kò dìgbà tó bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Imú rẹ̀ ni yóò mú un débẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀ ni òórùn tínà yóò máa pàdé rẹ̀ lọ́nà. Tó bá wọlé tán, yóò bá ọ̀gá nídìí mọ́tò, yóò bá ọmọ iṣẹ́ kan níbi tó ti ń fọ ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, yóò bá òmíràn tó da tínà sí àtẹ́lẹwọ́, tó fi ń bó ọ̀dà kúrò lápá ara rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ tán, wọn a fi ọṣẹ díẹ̀ kan ọwọ́, ó di ìdí ẹ̀bà. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá wọn níṣẹ́ náà, bó ṣe ṣe é nìyẹn.

Ẹ má rò pé àwọn tó ń kun mọ́tò nìkan lọ̀rọ̀ kàn o. Àwọn kápẹ́ńtà tó ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì ń fi tínà po ọ̀dà tó ń mú igi dán. Àwọn tó ń tẹ káàdì ìnáwó ń fi irú rẹ̀ nu ẹ̀rọ wọn. Ti àwọn tó ń ṣe bàtà ní Mushin, àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní Aba lọ́hùn-ún, inú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ awọ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà ló wà. Kódà, obìnrin tó ń kun èékánná fáwọn ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé, acetone tó fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ wá ka gbogbo àwọn yẹn pọ̀, kẹ́ ẹ fi àwọn tó ń sùn sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kún un, ìyẹn àwọn tí kò fọwọ́ kan tínà rí láyé wọn. Èèyàn náà pọ̀.

Orúkọ kan ṣoṣo la ń pe tínà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Àdàlù ni. Toluene sábà máa ń wà níbẹ̀, xylene lè wà níbẹ̀, acetone lè wà níbẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á tún fi methanol sí i, ìyẹn ọtí olóró tó máa ń fọ́ èèyàn lójú. Ẹni tó pò ó ló mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àwọn tó ń tà á á bù ú látinú dúrọ́ọ̀mù sínú ike omi, wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù dí ẹnu ẹ̀, oníbàárà á sanwó. Kò sí ìwé lára ike, kò sí àmì iná, kò sí orúkọ. Tẹ́ ẹ bá béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, tínà ni jàre.”

Ohun kan wà tó pa gbogbo wọn pọ̀, òun náà ló jẹ́ káwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn wọn. Wọ́n máa ń tètè gbẹ. Tí ọ̀dà bá tètè gbẹ, iṣẹ́ yá, oníṣẹ́ gbowó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: tó bá gbẹ tán, níbo ló lọ? Kò lọ síbì kankan o. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló dà tí ojú yín kò fi rí i mọ́. Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni iná máa ń gbé, kì í ṣe omi tó wà nínú agolo. Òun náà lẹ sì ń fà símú látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú tiná, nítorí òun ni kì í fún èèyàn láyè ronú.

Kẹrosíìnì ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀kọ́ tí kò dáa. A bá kẹrosíìnì dàgbà nílé, a mọ̀ pé tó bá dà sílẹ̀, a ó fi àkísà nù ún, nǹkan kan kò ṣe. Ìdí ni pé kẹrosíìnì gidi gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi digírì 38 kí afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde tó pọ̀ débi tí iná lè gbé e. (Ẹ má tìtorí èyí dán an wò o. Ẹni tó da bẹntiróòlù mọ́ kẹrosíìnì kì í sọ fún oníbàárà.) Toluene kò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Digírì 4 péré ti tó o, ìyẹn bí inú fìríìjì ṣe tutù. Acetone tún burú jù ú lọ, nǹkan bíi digírì 20 sísàlẹ̀ òdo. Hexane tó máa ń wà nínú gọ́ọ̀mù bàtà wá burú jù gbogbo wọn, digírì 22 sísàlẹ̀ òdo ni tiẹ̀. Fírísà tó ń sọ omi di yìnyín nílé yín, nǹkan bíi digírì 18 sísàlẹ̀ òdo ló máa ń wà. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ gbé hexane sínú fírísà mọ́jú, tẹ́ ẹ bá gbé e jáde láàárọ̀, tẹ́ ẹ sì ṣá ìṣáná sí i, gbàù ni. Kò sí àárọ̀ ọyẹ́ kankan n'Ékòó tàbí n'Íbàdàn tó tutù tó èyí tí yóò dá tínà lẹ́kun. Ojoojúmọ́ ayé ló wà ní ìmúrasílẹ̀ fún iná.

Ẹ tún wo èyí. Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Irú rẹ̀ kún ìlú. Tí lítà kan toluene bá dà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì, tó sì gbẹ tán, afẹ́fẹ́ tí yóò dà yóò tó nǹkan bíi lítà 230. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà lè gbà, nǹkan bíi lítà 22,600 ni. Ẹ pín in wò, ó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, tí toluene inú afẹ́fẹ́ bá ti tó 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún, iná lè gbé e. Lítà kan péré o! Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ tó bá fọ́n káàkiri yàrá dọ́gbadọ́gba, kì í sì í fọ́n bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ toluene wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí bí omi. Torí ẹ̀ ni èèyàn ṣe lè dúró, kí imú rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ òórùn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tó jóná. Ààbọ̀ lítà tó dà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Bó ṣe ń wọ́ nílẹ̀ yẹn, ó máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ó lè rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó lè rìn dé ibi jẹnẹrétọ̀, ó lè rìn dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tó ń fi ẹ̀yinná lọ aṣọ. Tó bá ti kan iná níbẹ̀, iná yóò gba ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ náà gbà wá, yóò sáré padà sínú ṣọ́ọ̀bù tó ti jáde. Ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yóò búra pé òun kò ṣáná, òótọ́ ló sì sọ. Àwọn ará àdúgbò yóò ní ayé ló ṣe é, àwọn ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Ìyá alákàrà gan-an kò ní mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni iná ti bẹ̀rẹ̀.

Súwíìṣì tí wọ́n tẹ̀ lè ta pàrà kó sì gbé e. Ẹ̀rọ tó ń fún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lágbára lè gbé e. Fáànù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà kó lè máa fa òórùn jáde, inú ẹ̀rọ rẹ̀ lè máa ta pàrà bó ṣe ń yí, tí afẹ́fẹ́ tínà á sì máa gba ara rẹ̀ kọjá. Ó sàn kí fáànù dúró síbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń wọlé, kó máa ti afẹ́fẹ́ tínà síwájú gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde, ju kó máa fà á gba ara rẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí rárá, kó jìnnà réré, kó sì wà níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé afẹ́fẹ́ tínà lọ bá a.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà gbọ́ ni pé tínà lè dá iná ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí aṣọ náílọ́ọ̀nù ṣe máa ń ta pàràpàrà lára wa lásìkò ọyẹ́, tá a bá ń bọ́ ọ lálẹ́? Iná mànàmáná ni, ó kàn kéré ni. Irú iná yẹn náà ló máa ń kóra jọ tí wọ́n bá ń da toluene tàbí hexane pẹ̀lú agbára látinú dúrọ́ọ̀mù sínú kẹ́ẹ̀gì oníke. Ike kì í jẹ́ kí iná náà rí ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀. Ó kóra jọ títí, ó ta pàrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnu kẹ́ẹ̀gì sì ni afẹ́fẹ́ tínà ti pọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ ńlá kì í fi ike ṣe irú ìdà bẹ́ẹ̀. Agolo onírin ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi wáyà so dúrọ́ọ̀mù mọ́ agolo, wọ́n á so dúrọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀, wọ́n á sì rọra dà á kó má baà máa já wọ̀ọ̀. Wáyà náà kò wọ́n. Gbogbo ẹni tó ń bu tínà tà ló lè rà á.

Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù òfìfo náà wà ńlẹ̀. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn dúrọ́ọ̀mù òfìfo. Wọ́n fẹ́ gé e láàbọ̀ láti fi pọn omi, wọ́n fẹ́ fi ṣe ààrò ẹja yíyan, wọ́n á gbé e lọ bá wẹ́dà. Wẹ́dà á wò inú ẹ̀, kò rí nǹkan kan, á tan iná gáàsì rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, dúrọ́ọ̀mù tínà tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ. Èyí tó kún, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló wà lókè rẹ̀. Èyí tó ṣófo, àtòkè délẹ̀ ló kún fún àdàlù tínà àti afẹ́fẹ́ tó ń dúró de iná, irin ló sì yí i ká bíi bọ́ǹbù. Ìwọ̀nba tínà tó kù sí ìsàlẹ̀, tí kò tiẹ̀ ní kún ife, ti tó. Kí wẹ́dà kan má gba iṣẹ́ irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Owó tí yóò gbà lórí ẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Tí iná bá wá sọ ńkọ́? Omi ni gbogbo wa máa ń ké sí. Toluene fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló máa ń léfòó, yóò sì máa jó lọ lórí omi náà títí tí yóò fi bá gọ́tà dé ilé ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ pé inú agolo ló ti ń jó, tí kò tíì ràn, ẹ wá nǹkan onírin pẹrẹsẹ kẹ́ ẹ fi dé e, kẹ́ ẹ má sì ṣí i títí yóò fi tutù. Tó bá wà nílẹ̀, tó sì kéré, yanrìn gbígbẹ dára. Sìlíńdà pupa tí wọ́n fi ń pa iná, èyí tó ní ìyẹ̀fun nínú, ló dára jù, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kó má wà ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù níbi tó jẹ́ pé èèyàn ní láti gba inú iná kọjá kó tó mú un. Tí iná bá ti ju agbára lọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ o jàre, ẹ sá, kẹ́ ẹ sì pe 767 tàbí 112 tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà.

Ẹni tí iná bá ràn mọ́ láṣọ kò gbọ́dọ̀ sáré. Kó dùbúlẹ̀, kó máa yí gbiri. Tí iná bá kú, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ẹyin adìẹ, epo pupa, òróró ẹ́ńjìnnì àti ọṣẹ ìfọyín táwọn èèyàn máa ń sáré gbé wá yẹn, ẹ bá mi kó wọn padà sílé ìdáná. Wọ́n ń dí ooru mọ́nú ẹran ara ni, àwọn dókítà á sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ha wọ́n kúrò lójú egbò.

Ó tán lórí ti iná. Ìkejì ni kì í pariwo.

Imú wa kì í ṣe olùṣọ́ tó ṣe é gbọ́kàn lé. Tí èèyàn bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, òórùn náà á gbá a lójú. Tó bá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, imú rẹ̀ á ti mọ́ ọn lára, kò ní gbọ́ ọ mọ́. Àwọn ọ̀gá máa ń fi ìyẹn yangàn pé, “Tèmi ti mọ́ mi lára.” Imú ló mọ́ lára o, ẹ̀dọ̀fóró ṣì ń gbà á, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gbé e lọ sí ọpọlọ. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ta gọ́-ọ̀n-gọ́-ọ̀n nírọ̀lẹ́, tí orí ń fọ́, tó ń rẹ́rìn-ín lásán, tínà ló ń pa á bí ọtí. Tó bá lọ bá ọ̀gá pé, “Ọ̀gá, orí ń fọ́ mi,” ọ̀gá á ní kó lọ ra mílíìkì mu. Mílíìkì yìí ti wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ka owó rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, inú ikùn ni mílíìkì ń lọ. Tínà gba imú wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ọ̀nà wọn kò pàdé. Atẹ́gùn ìta ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò, kó jáde kúrò níbẹ̀ kó sì má padà wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ọmọ ìta tó ń fa gọ́ọ̀mù símú lábẹ́ bíríìjì, irú nǹkan kan náà ni wọ́n ń wá. Toluene ń ba ọpọlọ wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn á sì kú lójijì lójú ẹsẹ̀ nítorí pé ó da ìlùkìkì ọkàn wọn rú. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kun mọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé kò ní in lọ́kàn láti fa nǹkan kan símú, owó ló wá wá. Ara kò mọ ìyàtọ̀.

Ìtàn àwọn tó ń ṣe bàtà nílẹ̀ Turkey yẹ kí gbogbo Mushin gbọ́ ọ. Nílùú Istanbul, láàárín ọdún 1955 sí 1960, àwọn tó ń ṣe bàtà àti báàgì níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo gọ́ọ̀mù tí benzene pọ̀ nínú ẹ̀, nítorí pé ó dínwó, ó sì ń tètè gbẹ. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí atẹ́gùn kì í fẹ́ sí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, dókítà onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ Muzaffer Aksoy rí i pé àwọn tó ń ṣe bàtà ń pọ̀ jù lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń gbẹ, àtàwọn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1974, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde lórí 26 nínú wọn, tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí èyí tó fẹ́ di í ti mú láti ọdún 1967 sí 1973. Benzene ló wọ inú mùdùnmúdùn eegun wọn lọ, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Lónìí, kò sí àríyànjiyàn kankan mọ́ lágbàáyé pé benzene ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tẹ́ ẹ ń fi bẹntiróòlù fọ ọwọ́, ó wà nínú bẹntiróòlù náà.

Àwọn ará Italy ti rí tiwọn ṣáájú, wọ́n sì ṣòfin lé benzene lórí lọ́dún 1963. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí làwọn tó ń ṣe gọ́ọ̀mù fi rọ́pò rẹ̀? Hexane ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn tó ń ṣe bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn mìíràn. Ẹsẹ̀ wọn ń kú tìpìrì, ọwọ́ wọn kò lè di nǹkan mú mọ́, àwọn mìíràn kò lè gòkè àtẹ̀gùn. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Japan náà láàárín àwọn ọdún 1960, láàárín àwọn tó ń lẹ sálúbàtà nínú ilé ara wọn. Tí hexane bá wọnú ara, ẹ̀dọ̀ máa ń sọ ọ́ di májèlé mìíràn tó ń jẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kiri, bí ikán ṣe ń jẹ igi. Iṣan tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ kàn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ sọ fún un nípa Suzhou ní China. Ilé iṣẹ́ Wintek níbẹ̀ ń ṣe gíláàsì ojú fóònù fún Apple. Ọtí ni wọ́n ń fi nu gíláàsì náà tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀gá wá rí i pé hexane ń yá gbẹ ju ọtí lọ. Wọ́n yí i padà. Nígbà tó di ọdún 2009, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣubú, wọ́n ń dá kú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń kú. Lóṣù kejì ọdún 2011, Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde pé òṣìṣẹ́ 137 ló fara gbá a. Ìṣẹ́jú péréte tí wọ́n fẹ́ jèrè lórí gíláàsì kọ̀ọ̀kan ló kó wọn sí i. Kò sì yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀gá tó ń ṣe bàtà níbí ń wá tó bá ní, “Ẹ fún mi ní gọ́ọ̀mù tó ń tètè gbẹ.”

Kí wá la lè ṣe, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ la fi ń jẹun? Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù o. Afẹ́fẹ́ ló kó wàhálà wá, afẹ́fẹ́ náà ló máa gbé e lọ. Ẹ lẹ bàtà níta, lábẹ́ ìborùn. Tó bá jẹ́ inú ilé ni, kí ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra wà ní ṣíṣí, nítorí fèrèsé kan ṣoṣo kì í fa nǹkan kan jáde. Ẹ dé agolo gọ́ọ̀mù, kí ẹnu rẹ̀ má wà ní ṣíṣí látàárọ̀ dalẹ́, ìyẹn nìkan á dín afẹ́fẹ́ búburú náà kù gan-an, á sì tún dín owó gọ́ọ̀mù kù. Àkísà tó ti mu tínà, inú garawa onírin tó ní ìdérí ni kó wà. Ẹ má sì tọ́jú tínà sínú yàrá tí èèyàn ń sùn sí, ì báà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n.

Ìbòmú tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà kò lè dá afẹ́fẹ́ tínà dúró, eruku nìkan ni tiẹ̀. Èyí tó wúlò ni ìbòmú onírọ́bà tó ní agolo méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, èédú ló wà nínú agolo náà, èédú yẹn ló ń mú tínà. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn nínú ẹ̀, èédú ti kún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń lo ọ̀dà tó ní hádínà, tiyín tún le díẹ̀ sí i, torí hádínà lè fún èèyàn ní àsímà tí kò ní lọ mọ́.

Ti ọwọ́ fífọ̀, òróró ìdáná lẹ kọ́kọ́ fi máa pa á, lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi. Ó pẹ́ ju tínà lọ, mo gbà. Tínà ń yọ ọ̀rá inú awọ ara kúrò ni, ìyẹn ló jẹ́ kí ọwọ́ àwọn sípírẹ́yà máa sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tó sán yẹn ló sì tún ń gbà wọlé.

Ike omi àti ike ẹlẹ́rìndòdò ni ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú jù lọ. Ọmọ ọdún méjì kò mọ̀wé, ohun tó mọ̀ ni pé inú ike yẹn ni wọ́n ti ń fún òun ní nǹkan dídùn. Tí ọmọ bá gbé tínà tàbí kẹrosíìnì mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè bì. Bó bá ṣe ń bì í ni yóò máa yọ́ wọnú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ̀kán díẹ̀ níbẹ̀ sì burú ju èyí tó wà níkùn lọ. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú ike náà dání.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti pẹ́ nídìí gọ́ọ̀mù, ẹ máa kíyè sí ẹsẹ̀ yín. Tí ìka ẹsẹ̀ bá ń ta yín jìnnìjìnnì, tó ń ṣe yín bíi pé ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ kò wọ nǹkan kan, tí sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ yín lọ́nà tẹ́ ẹ kò mọ̀, tí ìṣó kékeré ń bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró kó le. Tí èèyàn bá tètè kúrò nídìí hexane, iṣan máa ń hù padà, ó kàn máa ń gba oṣù, ó lè gba ọdún, ó sì lè tún burú sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé àrùn àfọ̀ṣẹ ni. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n á wo ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ẹ sọ fún wọn pé bàtà lẹ̀ ń ṣe, pé gọ́ọ̀mù lẹ̀ ń lò, iye ọdún tẹ́ ẹ ti ń lò ó, kẹ́ ẹ sì gbé agolo rẹ̀ dání lọ.